Aṣọ Ìwé, Orúkọ Àlejò: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Ọnà Kan ní Ìlú Ọba

Àwọn àgbà a máa wí pé, aṣọ ni à ń kí kí a tó kí ènìyàn. Kì í ṣe ìyìn nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí jẹ́ fún aṣọ. Ìkìlọ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá kí aṣọ tán, tí kò sì kí ẹni tí ó wọ̀ ọ́, ìdajì ìkíni ni ó ṣe. Bí ó ti rí fún ènìyàn, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ó rí fún ìwé, nítorí pé ìwé pẹ̀lú a máa wọ aṣọ. Ó ní páálí tí ó dáàbò bò ó, ó ní aṣọ tí a fi bo páálí náà, ó sì ní wúrà tí a fi kọ orúkọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé bá mi gbé iṣẹ́ ọnà kan yẹ̀ wò, nínú èyí tí ọlọ́nà kan wọ aṣọ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìwé, tí ó sì tò wọ́n sí orí pẹpẹ fún wíwò. Ìbéèrè wa ni èyí: nígbà tí a bá ti kí aṣọ wọn tán, a ha rí ẹnikẹ́ni kí bí?

Ọlọ́nà náà ni Yinka Shonibare. Ní London ni a bí i ní ọdún 1962, àwọn òbí rẹ̀ sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Nígbà tí ó di ọmọ ọdún mẹ́ta, wọ́n mú un wá sí Èkó, ibẹ̀ ni ó sì dàgbà sí kí ó tó padà sí Ìlú Ọba láti kọ́ iṣẹ́ ọnà. Kò tíì pé ọmọ ogún ọdún nígbà tí àrùn kan kọlù ú ní ọ̀pá ẹ̀yìn, tí ó sì gba agbára lọ́wọ́ apá kan ara rẹ̀. Láti ìgbà náà wá, ọwọ́ púpọ̀ ni ó fi ń ṣiṣẹ́: òun a máa gbèrò, àwọn olùrànlọ́wọ́ rẹ̀ a sì máa rán, wọn a máa gé, wọn a máa lẹ̀ ẹ́. Ní ọdún 2013 ni àwọn ọlọ́nà àgbà ti Royal Academy yàn án sí àárín wọn.

Iṣẹ́ tí a ń sọ yìí, ọdún 2014 ni ó parí rẹ̀. The British Library ni ó pè é ní èdè Gẹ̀ẹ́sì. Àwa lè pè é ní Ilé Ìkàwé Ìlú Ọba. Orúkọ kan náà ni ilé ìkàwé ńlá ti ìjọba tí ó wà ní London ń jẹ́, ọlọ́nà náà sì mọ ohun tí ó ń ṣe nígbà tí ó yá orúkọ náà lò. Ìwé ẹlẹ́yìn páálí 6,328 ni ó wà nínú iṣẹ́ náà, àǹkárá ni a sì fi bo ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Ẹni tí ó bá wọlé yóò rí pupa, àyìnrín, àwọ̀ ewé, àwọ̀ ọsàn, ẹyẹ, òdòdó àti òbírí, láti ilẹ̀ títí dé òkè pẹpẹ. Bí ó bá súnmọ́ wọn, yóò rí i pé a fi wúrà kọ orúkọ sí ọ̀pá ẹ̀yìn nǹkan bí 2,700 nínú wọn, èyíinì ni apá tí ó máa ń kọjú sí wa nígbà tí ìwé bá wà ní òró. Orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe àkọlé ìwé. Orúkọ ènìyàn ni wọ́n: àwọn tí ó ti ilẹ̀ òkèèrè wá tẹ̀dó sí Ìlú Ọba, tàbí àwọn ọmọ wọn, tí iṣẹ́ wọn sì di ohun tí gbogbo ìlú ń pín nínú rẹ̀.

Kí a tó dá iṣẹ́ náà lẹ́jọ́, ó yẹ kí a mọ bí a ti ń di ìwé. Nígbà tí a bá ti tẹ ọ̀rọ̀ sí ara tákàdá ńlá, a ó ká a ní ìlọ́po ìlọ́po títí yóò fi kéré tó bí a ti fẹ́. A ó to àwọn ìká náà lé ara wọn, a ó sì fi abẹ́rẹ́ àti òwú rán wọn ní ojú ìká, kí ewé kan má baà yọ lára èkejì. Lẹ́yìn èyí ni a ó fi gọ́ọ̀mù pa ẹ̀yìn wọn, a ó fi páálí méjì sí ìhà méjèèjì, a ó sì fi awọ ẹran tàbí aṣọ bo gbogbo rẹ̀. Ní ìkẹyìn, a ó fi irin gbígbóná tẹ wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn rẹ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, awọ ni àwọn ọlọ́rọ̀ Ìlú Ọba fi ń di ìwé wọn. Ṣùgbọ́n láàárín ọdún 1820 sí 1830, William Pickering àti àwọn atẹ̀wé mìíràn ní London bẹ̀rẹ̀ sí fi aṣọ òwú bo ìwé, nígbà tí ó sì fi máa di ọdún 1832, wọ́n ti mọ bí a ti ń tẹ wúrà sí ara aṣọ náà. Aṣọ kò wọ́n tó awọ, nítorí náà ìwé tí a dì dáradára bẹ̀rẹ̀ sí bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe ọlọ́rọ̀.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, àwọn tí ó kẹ́yìn ni Shonibare mú: aṣọ àti wúrà. Kò ní ohun í ṣe pẹ̀lú abẹ́rẹ́ àti òwú tí ó so ewé pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sì pe ojú wa sí ọ̀rọ̀ tí a tẹ̀ sínú ewé náà. Ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé mọ irú iṣẹ́ yìí, nítorí pé ẹ̀yin pẹ̀lú a máa fi ìwé ìròyìn àtijọ́ bo ìwé yín ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún, ẹ ó sì kọ orúkọ yín sí i lára. Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ń bo ìwé kí ó lè pẹ́ ní kíkà. Shonibare bo tirẹ̀ kí ojú lè dúró ní ara èèpo rẹ̀. Ibí ni agbára iṣẹ́ rẹ̀ wà, ibí kan náà ni àléébù rẹ̀ sì wà.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti agbára náà, kí a sì bẹ̀rẹ̀ láti ara aṣọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Yúróòpù gbà pé aṣọ Áfíríkà ni àǹkárá, àwa pàápàá a sì máa wọ̀ ọ́ bí ẹni tí ó jogún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó rìn kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa jìn. Àwọn ará Java ní ìhà gúúsù ìlà-oòrùn Ásíà a máa fi ìda gbígbóná ya ọnà sí ara aṣọ kí wọ́n tó rì í sínú aró, kí aró má baà mú ibi tí ìda bá wà. Àwọn obìnrin wa tí ń ṣe àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Abẹ́òkúta, Ìbàdàn àti Òṣogbo mọ ọgbọ́n yìí dáradára, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀kọ láfún ni tiwọn dípò ìda. Àwọn Òyìnbó Holland, tí ó ń jọba lé Java lórí nígbà náà, fi ẹ̀rọ ṣe àfarawé aṣọ náà. Ilé-iṣẹ́ Vlisco, tí a dá sílẹ̀ ní Helmond ní ọdún 1846, ni ó lókìkí jù nínú wọn. Àwọn ará Java kò fẹ́ràn ti ẹ̀rọ, nítorí pé ó máa ń sán wẹ́wẹ́ níbi tí aró ti wọlé láìpè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó dé etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún, sísán náà gan-an ni àwọn obìnrin ibẹ̀ rí tí wọ́n sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ilé-iṣẹ́ Manchester náà fi bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é.

Nítorí náà, aṣọ àtìpó ni àǹkárá. Java ni a ti kọ́ ọgbọ́n rẹ̀, Holland àti Manchester ni a ti tẹ̀ ẹ́, Áfíríkà ni ó ti gba orúkọ, ọjà Brixton ní London ni Shonibare sì ti ń rà á. Nígbà tí ó wà ní ilé ẹ̀kọ́, olùkọ́ rẹ̀ kan bi í léèrè ìdí tí kò fi máa ṣe ojúlówó iṣẹ́ ọnà Áfíríkà. Láti inú ìbéèrè yẹn ni ó ti ronú dé ìdí aṣọ yìí, tí gbogbo ayé pè ní ojúlówó Áfíríkà, tí ó sì jẹ́ ọmọ ilẹ̀ mẹ́rin. Kò sí aṣọ mìíràn tí ìbá yẹ ìwé àwọn àlejò tó bẹ́ẹ̀.

Fún àwa ọmọ Yorùbá, ọ̀rọ̀ yìí tún súnmọ́ ilé ju bí ẹlòmíràn ti lè mọ̀ lọ. Láàárín ọdún 1850 sí 1860, Henry Venn, akọ̀wé CMS, àti Thomas Clegg, oníṣòwò òwú ní Manchester, ṣètò pé kí a máa gbin òwú ní Abẹ́òkúta kí a sì máa kó o lọ sí Manchester. Ní ìlú Abẹ́òkúta kan náà ni Henry Townsend ti tẹ Ìwé Ìròyìn jáde ní ọdún 1859. Òwú ń jáde lọ láti Abẹ́òkúta, ìwé títẹ̀ sì ń jáde níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹni tí ó bá mọ èyí, tí ó wá rí ìwé tí a fi aṣọ òwú dì nínú ilé ìkàwé Òyìnbó, kò lè wí pé ohun àjèjì ni ojú òun rí.

Ibi tí a kọ́kọ́ gbé iṣẹ́ náà sí pẹ̀lú kò ṣe é fò kọjá. Ẹgbẹ́ kan tí à ń pè ní HOUSE àti àwọn tí ń ṣètò àjọ̀dún ìlú Brighton ni ó gbé e lé ọlọ́nà náà lọ́wọ́, inú yàrá ìkàwé àtijọ́ tí ó wà ní ilé ìkóhun-ìṣẹ̀ǹbáyé-sí ti Brighton ni wọ́n sì tò ó sí. Ní ọdún 1873 ni a ṣí ilé náà fún ìlú, àti ilé ìkàwé àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lábẹ́ òrùlé kan. Nígbà tí ó di ọdún 2005, a ṣí ilé ìkàwé tuntun tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jubilee Library, àwọn ìwé ìlú sì ti bá ibòmíràn lọ. Yàrá tí àwọn òǹkàwé ti ń jókòó tẹ́lẹ̀ di yàrá tí ìwé ti kó kúrò nínú rẹ̀. Ìgbà náà ni Shonibare tún fi ìwé kún un. Ìwé padà sí ilé ìwé, ṣùgbọ́n wọn kò padà bí wọ́n ti rí: aṣọ wọn ti yàtọ̀, orúkọ wọn sì ti yàtọ̀.

Ẹ tún wo àdúgbò náà. Nítòsí ilé yìí ni ààfin tí à ń pè ní Royal Pavilion dúró sí, èyí tí John Nash tún kọ́ láàárín ọdún 1815 sí 1822 fún ọmọ ọba tí ó di Ọba George Kẹrin. Òde ààfin náà dàbí ti Íńdíà, inú rẹ̀ sì kún fún ọnà ìlú Ṣáínà. Ìdílé ọba náà fúnra rẹ̀, láti Hanover ní Jámánì ni ó ti wá jọba ní Ìlú Ọba ní ọdún 1714. Àwọn àgbà wí pé, ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Shonibare wo ilé dáradára kí ó tó sọ ìwé rẹ̀ lórúkọ: ọba àlejò, nínú ààfin tí ó wọ aṣọ àlejò, ni ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ta ni yóò wá dìde ní irú ibẹ̀ pé kí àlejò máa lọ?

Nísinsìnyí ni a dé ibi tí orúkọ wà. Hans Holbein wà níbẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Jámánì tí ó ya àwòrán Ọba Henry Kẹjọ, tí ó sì kú sí London ní ọdún 1543. T. S. Eliot wà níbẹ̀, akéwì tí a bí ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1888, tí ó sì di ọmọ Ìlú Ọba ní ọdún 1927. Zadie Smith, òǹkọ̀wé tí ìyá rẹ̀ ti Jàmáíkà wá, wà níbẹ̀. Helen Mirren, òṣèré tí a bí bàbá rẹ̀ ní Rọ́ṣíà, wà níbẹ̀. Danny Welbeck, agbábọ́ọ̀lù tí àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ará Gánà, kò gbẹ́yìn. Bí ẹnìkan bá fẹ́ yọ àwọn àlejò kúrò nínú ìtàn Ìlú Ọba, ẹ jẹ́ kí ó yọ ìwé wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì wo iye tí yóò kù lórí pẹpẹ. Ènìyàn ni aṣọ mi, ni àwọn baba wa ń wí. Ìlú Ọba rí ènìyàn fi ṣe aṣọ, ìhòhò rẹ̀ ni yóò sì hàn bí ó bá bọ́ ọ sílẹ̀.

Ohun kan sì wà tí ó mú kí iṣẹ́ náà ju ìwé ìyìn lásán lọ. Ọlọ́nà náà kò fi orúkọ àwọn tí ó dìde tako wíwọlé àlejò sílẹ̀. Ó fi wọ́n sí àárín àwọn yòókù, àǹkárá kan náà ni ó fi bò wọ́n, wúrà kan náà ni ó sì fi kọ orúkọ wọn. Kò kùn wọ́n ní dúdú, kò sì tì wọ́n sí kọ̀rọ̀. Ẹni tí ó ní òun kò fẹ́ bá àlejò gbé ń bá a gbé lórí pẹpẹ kan, ó sì wọ ẹ̀wù rẹ̀. Ìwà àgbà ni èyí. Ilé ìkàwé tòótọ́ kì í lé ìwé tí kò bá ẹni tí ó ni ín ní inú dùn jáde, nítorí pé ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àti èsì rẹ̀ ti ń jókòó pọ̀.

Mo ní ẹ̀hónú méjì, mo sì fẹ́ kí a gbé wọn yẹ̀ wò láìṣe ojúsàájú. Èkíní ni pé, àwọn tí a fi wúrà kọ orúkọ wọn jẹ́ àwọn tí ó ti gbé ohun ribiribi ṣe. Ọkàn lè ṣì ka èyí sí pé àlejò kò ní ẹ̀tọ́ láti jókòó àyàfi bí ó bá kọ́kọ́ fi ìwúlò rẹ̀ hàn. Ní ilẹ̀ wa, nígbà tí àlejò bá wọlé, omi ni a kọ́kọ́ ń bù fún un. A kì í bi í ní oyè tí ó jẹ kí a tó fún un ní àga. Àwọn tí ó ti Jàmáíkà gun ọkọ̀ Empire Windrush dé Tilbury ní ọdún 1948, àti ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ó tẹ̀lé wọn, nọ́ọ̀sì ni àwọn mìíràn nínú wọn dà, awakọ̀ ni àwọn mìíràn dà. Ta ni yóò fi wúrà kọ orúkọ gbogbo wọn?

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ ti dá ẹ̀hónú yìí lóhùn, bí a bá wò ó dáradára. Ju ìdajì àwọn ìwé náà lọ ni kò ní orúkọ kankan lẹ́yìn. Aṣọ wọn kò burú ju ti àwọn olórúkọ lọ, ipò wọn lórí pẹpẹ kò sì rẹlẹ̀ ju tiwọn lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lè kà wọ́n sí ìwé àwọn tí kò tíì dé. Ẹlòmíràn lè kà wọ́n sí ti àwọn tí ó dé, tí ó ṣiṣẹ́, tí ó sì kú láìsí ẹni tí ó kọ orúkọ wọn. Ní ti èmi, àwọn ìwé aláìlórúkọ wọ̀nyí ni mo kà sí ọkàn iṣẹ́ náà. Bí ó bá jẹ́ pé gbogbo wọn ni ó ní orúkọ, ìwé oyè ni ìbá jẹ́. Nítorí pé àyè wà nínú rẹ̀, ó di ilé.

Ẹ̀hónú kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. A tò àwọn ìwé náà fún wíwò, a kò tò wọ́n fún kíkà. Orúkọ Holbein wà lẹ́yìn ìwé kan, ṣùgbọ́n ìtàn Holbein kò sí nínú rẹ̀. Àwa tí a ti inú àṣà oríkì jáde mọ̀ pé orúkọ nìkan kò tó. Bí a bá pe ọmọ ní orúkọ, a ó tún ki í: a ó sọ ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti wá, ogun tí wọ́n jà, oúnjẹ tí wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀, àti àbùkù wọn pàápàá. Iṣẹ́ Shonibare pe orúkọ 2,700, kò sì ki ẹnikẹ́ni nínú wọn. Lóòótọ́, a gbé tábìlì àti ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà sí àárín yàrá, níbi tí ènìyàn lè gbé ka ìtàn àwọn tí a dárúkọ, kí ó sì kọ ìtàn wíwá àwọn ará ilé tirẹ̀ sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí dára púpọ̀, ṣùgbọ́n ó jẹ́wọ́ àìtó àwọn ìwé náà: ìtàn wà lórí tábìlì, ìwé sì wà lórí pẹpẹ ní pípadé. Àlejò ní ojú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Olùwòran tí kò bá jókòó ti tábìlì yóò kí àǹkárá, yóò sì jáde.

Ibi tí a bá tò ó sí lè mú kí àléébù yìí wúwo tàbí kí ó fúyẹ́. Ní Brighton, ó bá yàrá náà mu, nítorí pé yàrá tí ìwé ti kúrò nínú rẹ̀ ni, ìdákẹ́ àwọn ìwé náà sì ń sọ̀rọ̀ nípa àwọn tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ní ọdún 2018, Shonibare ṣe èkejì rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, The American Library, ìwé 6,000, a sì kọ́kọ́ gbé e kalẹ̀ ní ilé ìkàwé ìlú Cleveland. Níbẹ̀, ilé ìkàwé tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ó wọ̀. Ẹni tí orúkọ kan bá rú lójú lè dìde kí ó lọ yá ìwé nípa rẹ̀ nínú ilé kan náà. Ìwé pípadé ń ran òǹwòran sí ìwé ṣíṣí, èyí sì sàn jù. Ní ọdún 2019 ni Ilé Ìlú Ọba wọ àwọn ohun ìní Tate ní London, tí í ṣe ilé iṣẹ́ ọnà. Ó ní ààbò níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń rí i, ṣùgbọ́n kò ní ìwé aládùúgbò mọ́.

Ìdájọ́ mi nìyí. Iṣẹ́ ńlá ni, ọgbọ́n sì wà nínú rẹ̀ láti ara aṣọ títí dé ara ilé. Ohun tí ó fẹ́ wí nípa àlejò àti onílé, ó wí i láìpariwo, ó sì wí i fún ọ̀tá àti ọ̀rẹ́ bákan náà. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ìwé ni ó ti wí i, inú ìwé kò sì jẹ́rìí sí i. Ẹ̀rí sì wà pé ọlọ́nà náà fúnra rẹ̀ mọ iyì ìwé ṣíṣí. Ní ọdún 2022 ni ó ṣí ilé kan ní Èkó, àti òmíràn ní oko ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí àwọn ọlọ́nà àti onímọ̀ lè wá gbé ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ní ti Èkó ni ìwé tí John Picton kó jọ nípa iṣẹ́ ọnà Áfíríkà wà, fún ẹni tí ó bá fẹ́ kà wọ́n. Wọn kò wọ àǹkárá, ṣùgbọ́n wọ́n ń sọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ lè fi iṣẹ́ yìí kọ́ àwọn ọmọ yín láìsí owó púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan fi àjákù aṣọ bo ìwé òfìfo kan, kí ó sì kọ orúkọ àlejò kan tí ó wá sí ìlú yín sí ẹ̀yìn rẹ̀: oníṣòwò tí ó ti òkè ọya wá, agbẹ̀bí tí ó ti ìlú mìíràn wá, tàbí ìyá tirẹ̀ tí a gbé níyàwó wá láti ọ̀nà jíjìn. Lẹ́yìn náà, kí ó lọ bi àwọn àgbà léèrè, kí ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sínú ìwé náà títí yóò fi kún. Nígbà náà ni a ó lè sọ pé a kí aṣọ, a sì kí ènìyàn.